Eku Mẹ́rìndínlógún àti Alẹ́ Jímọ̀

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù Karùn-ún

Ẹnu ọ̀nà ilé eku ni mo ti ń bọ́ sálúbàtà mi. Màá wọ bàtà òjò funfun tí wọ́n fi pẹ́ńtì kọ 7 sí lẹ́yìn. Ó tóbi jù mí lọ, ìbọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń dí i. Màá fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, màá sì gbọ̀n ọ́n gbẹ, torí aṣọ ìnuwọ́ ibẹ̀ ń rùn. Lẹ́yìn náà màá dúró níwájú ilẹ̀kùn kejì. Àwọn eku á ti gbọ́ ẹsẹ̀ mi, wọ́n á ti dákẹ́. Ìgbà tí mo bá gbọ́ pé wọ́n tún ti ń rún oúnjẹ ni mo máa ń wọlé.

Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń gba ikùn eku láti abẹ́, màá fi tòsì di ìdí ìrù rẹ̀ mú, màá gbé e sínú abọ́ ike tó wà lórí ìwọ̀n. Á yí po lẹ́ẹ̀kan, á gbóòórùn etí abọ́, á wá jókòó. Bó bá ti jókòó ni mò ń ka ìwọ̀n rẹ̀. Ìlà ni mo fi ń dá wọn mọ̀: mẹ́jọ ní ìlà pupa nídìí ìrù, mẹ́jọ ní ìlà dúdú, láti ìlà kan dé mẹ́jọ. Wọ́n ń lá a. Bó bá di ọjọ́ kẹta, ó ti ń parẹ́, màá tún un fà. Eku mẹ́rìndínlógún, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Mo máa ń pe nọ́ńbà wọn sókè. "Pupa kìíní, igba ó lé mọ́kànlá."

Bàbá Sàlmàn, olùtọ́jú ilé eku, á dáhùn láti ẹ̀yìn fèrèsé: "Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́! Ṣé àwọn ọmọ ẹ jí ire?"

"Wọ́n jí ire, Bàbá."

Òní pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo dé Kumasi láti wá kàwé ní yunifásítì. Bí a bá yọ nọ́ńbà eku kúrò, bóyá ni ọ̀rọ̀ tí mo sọ jáde lẹ́nu lónìí tó ogún.

Ọjọ́rú, 7 oṣù Karùn-ún

Mo tún jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀. Aago márùn-ún ààbọ̀ nìyẹn nílé, ìyá mi ti ń gbálẹ̀. Ìwé tí mò ń kà sọ pé kì í ṣe ariwo ló ń jí èèyàn. Kí ojú tó là ni ọpọlọ ti ránṣẹ́ sí àwọn ẹṣẹ́ kékeré méjì tó jókòó lórí kíndìnrín bíi fìlà, tí àwọn náà á sì da họ́mónù tiwọn sínú ẹ̀jẹ̀. Tèmi kò tíì gbọ́ pé a ti kúrò nílé. Ti eku yàtọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni tiwọn ń ru sókè, torí òru ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀sán.

Òjò ní gbogbo ọ̀sán. Tòmátì mẹ́rin, owó sídì mẹ́wàá, ọ̀kan ti rà lábẹ́. Mo rí i kí n tó sanwó. Mi ò sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 12 oṣù Karùn-ún

Dókítà Esi, tó ń bójú tó iṣẹ́ mi, pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ kíákíá, bí gbólóhùn kan bá sì parí, á fi bírò kan tábìlì. Ó ní ìbéèrè mi gbọ́dọ̀ kéré, kí n má sì fẹ̀ ẹ́: bí họ́mónù tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ bá dé ọ̀dọ̀ ẹṣẹ́ orí kíndìnrín, lẹ́yìn wákàtí mélòó ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pín sí méjì?

"Wákàtí méjìlá ni kó o kọ́kọ́ wò. Gún wọn lábẹ́rẹ́ ní méje alẹ́, yọ ẹṣẹ́ wọn ní méje àárọ̀." Ó kan tábìlì. "Aago ni gbogbo iṣẹ́ yìí. Bó o bá sọ aago nù, o ti sọ eku nù."

Eku mẹ́jọ á gba họ́mónù, mẹ́jọ á gba omi iyọ̀. Ọjọ́ 27 oṣù tó ń bọ̀ ni màá sọ àbájáde rẹ̀ níwájú gbogbo ẹ̀ka. Ẹni tí kò bá ní nǹkan gidi sọ lọ́jọ́ náà kò ní wọ ọdún kejì.

Mo ní ìbéèrè mẹ́ta. Mi ò bi í ní ọ̀kankan. Kojo, tí tábìlì rẹ̀ kángun sí tèmi ní láàbù, ní òun ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà. "Chale, o kàn ń mi orí bí alángbá!"

Ọjọ́rú, 14 oṣù Karùn-ún

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó yẹ kí a gún àwọn eku gan-an ni wọ́n fi ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun sí, ó sì di dandan. Bàbá Sàlmàn ló máa bá mi gún àwọn eku. Ó ti tó ọdún mọ́kàndínlógún tó ti ń ṣe é, ọwọ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́ ju ti Dókítà lọ. Oṣù mẹ́rin ló kù kó fẹ̀yìntì. Sawaba, àdúgbò kan nílùú yìí, ni wọ́n ti bí i, bàbá bàbá rẹ̀ ló ti Ìlọrin wá. Yorùbá rẹ̀ máa ń gba inú Hausa kọjá kó tó jáde, nígbà míì á fi Twi parí ẹ̀. Òun nìkan ni mò ń bá sọ èdè mi nílùú yìí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, alẹ́ Jímọ̀ ni. Aago méje."

"Alẹ́ Jímọ̀, aago méje. Bí mo bá ti kírun Màgàríbà tán báyìí. To, ó ti parí."

"Onílà pupa ló máa gba họ́mónù, onílà dúdú á gba omi iyọ̀."

"Pupa họ́mónù, dúdú iyọ̀. Ṣé o rò pé mo ti gbó ni? Mo gbọ́ ẹ paa!"

Ẹtì là ń pè é nílé wa. Mo mọ̀ọ́mọ̀ pè é ní Jímọ̀ fún un ni, torí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nìyẹn. Inú mi dùn pé mo rántí.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 oṣù Karùn-ún

Mo yọjú sí ilé eku lọ́sàn-án. Bàbá Sàlmàn ti lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ìgò họ́mónù tó wà nínú fíríìjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Mo rò pé ó ti fà á sínú abẹ́rẹ́ sílẹ̀ de alẹ́. Ó ṣe mí bíi kí n dúró dè é kí n bi í, ṣùgbọ́n ojú tì mí. Ta ni èmi tí màá máa yẹ iṣẹ́ àgbà wò?

Ìpàdé gba wákàtí mẹ́ta. Wọ́n ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan dìde sọ orúkọ rẹ̀. Mo sọ tèmi, wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ, ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ kọ "Tina".

Àbámẹ́ta, 17 oṣù Karùn-ún

Aago méje àárọ̀. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ ilé eku, Bàbá Sàlmàn ti kọ "Jímọ̀, 7", ó fọwọ́ sí i. Mi ò ní kọ bí àwọn eku ṣe kú síbí. Oorun ló mú wọn lọ, n ò rò pé ó dùn wọ́n.

Ẹṣẹ́ náà pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ọ̀kan kò wúwo ju ẹyọ ìrẹsì lọ. Nígbà tí mo gbé ti onílà pupa kìíní sórí ìwọ̀n, mo di èémí mú kí n má baà fẹ́ ẹ lọ.

Ìṣẹ́gun, 20 oṣù Karùn-ún

Iná lọ láti àárọ̀. Mo jẹ kẹ́ńkè, mo sùn.

Ọjọ́bọ̀, 29 oṣù Karùn-ún

Ọjọ́ kẹfà tí mo ti ń ka sẹ́ẹ̀lì. A gé ẹṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a rẹ ẹ́ ní aró, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, èmi á sì máa wá sẹ́ẹ̀lì tó ń pín lọ́wọ́ lábẹ́ maikirosíkópù. Sẹ́ẹ̀lì tó ń pín máa ń dúdú láàárín bí ẹni pé ẹnì kan ya á sí méjì pẹ̀lú ìka. Ọrùn ń dùn mí, ojú òsì mi ń ṣe omi.

Ohun kan wà tí n ò kà nínú ìwé kí n tó rí i. Etí ẹṣẹ́ náà, lábẹ́ awọ òde, ni wọ́n ń bí sẹ́ẹ̀lì tuntun sí. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rọra wọ inú lọ, ọjọ́ pẹ̀lú ọjọ́, iṣẹ́ wọn sì ń yí padà bí wọ́n ṣe ń lọ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n bí sáàárín. Mo gbé ojú kúrò lórí gíláàsì, mo wo láàbù: gbogbo wọn ti kó ara wọn jọ sídìí tábìlì ńlá, wọ́n ń pín búrẹ́dì. Èmi wà nídìí fèrèsé. Kojo ju ègé kan sí mi. Mo hán an. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ìṣẹ́gun, 3 oṣù Kẹfà

Mo ti kà á tán, mo tún un kà. Nínú ẹgbẹ̀rún sẹ́ẹ̀lì, àwọn tó gba omi iyọ̀ ní mẹ́rin tó ń pín. Àwọn tó gba họ́mónù ní mọ́kàndínlógún.

Dókítà Esi jókòó sídìí maikirosíkópù fúnra rẹ̀, ó wò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ní wákàtí méjìlá péré? Gbogbo ìwé tí mo mọ̀ ní kò yẹ kó tètè tó báyìí." Ó lọ pe ọ̀gá ẹ̀ka. Wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀gá ẹ̀ka bi mí ní orúkọ mi, ó sì pè é dáadáa.

Kojo ní ẹni tó ti di ọlọ́lá báyìí gbọ́dọ̀ ní orúkọ Akan; ọjọ́ tí wọ́n bí èèyàn ni wọ́n fi ń sọ ọ́. "Ọjọ́ wo ni wọ́n bí ẹ?" Mi ò mọ̀. Ó di orí mú. "Báwo ni èèyàn ò ṣe ní mọ ọjọ́ rẹ̀? Ta ni ń pè ẹ́ nígbà náà?"

Ọjọ́ Ajé, 9 oṣù Kẹfà



Bàbá Sàlmàn gbé ẹran Iléyá wá fún mi nínú abọ́ onídèérí. Ìyàwó rẹ̀ ló dín in, ata inú rẹ̀ kò ṣeré. A jókòó lórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé eku. Mo ní Kojo fẹ́ fún mi lórúkọ, mo sì ti bi ìyá mi lórí fóònù ní ọjọ́ tí wọ́n bí mi.

"Kí ni màmá wí?"

"Ó ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni. Kojo ní Yaa ni mí nìyẹn."

"Yaa kẹ̀? Afua ni ẹ́! Alẹ́ Ọjọ́bọ̀, kí ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe alẹ́ Jímọ̀? Ọmọ Jímọ̀ ni ẹ́, wallahi!"

"Rárá o, Bàbá. Alẹ́ Jímọ̀ di ọjọ́ kejì."

"Kai! Ìyẹn ti di alẹ́ Sátidé. Bí oòrùn bá ti wọ̀, ọjọ́ ti yí. Àwọn Hausa gan-an, daren Juma'a ni wọ́n ń pe alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Kí ni wọ́n ń kọ́ yín ní Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn?" Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń na ẹran sí mi.

Mo dé abọ́ náà.

"Bàbá, àwọn eku mi. Ìgbà wo lẹ gún wọn?"

"Alẹ́ Jímọ̀ tó o wí."

"Ṣé alẹ́ ọjọ́ tí ẹ lọ kírun Jímọ̀ ni, àbí alẹ́ tó ṣáájú rẹ̀?"

"Èyí tó ṣáájú ni, kẹ̀." Ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀ nígbà tí mo rí i tó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ sí àárọ̀ Àbámẹ́ta. Wákàtí mẹ́rìndínlógójì ni, kì í ṣe méjìlá.

Ìṣẹ́gun, 10 oṣù Kẹfà

Èmi àti òun nìkan la mọ̀. Nínú ìwé àkọsílẹ̀, Jímọ̀ ló wà níbẹ̀. Mọ́kàndínlógún ṣì jẹ́ mọ́kàndínlógún. Mo wo nọ́ńbà náà títí, ó ṣì lẹ́wà.

Mo rántí ìgò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Mo rí i. Ohun tó burú lára mi nìyẹn, mo máa ń rí gbogbo nǹkan.

Mo lọ bá Bàbá Sàlmàn nígbà tó ń da omi sínú ìgò eku. Kò wo ojú mi.

"Ká ní Gẹ̀ẹ́sì lo fi sọ ọ́ ni, Friday lo wí, Friday ni mi ò bá gún wọn. Ọ̀rọ̀ ilé lo bá mi sọ. Mo sì gbọ́ ọ bí a ṣe ń gbọ́ ọ nílé."

"Mo mọ̀, Bàbá. Ẹ̀bi yín kọ́."

"Ṣé wàá sọ fún Dókítà?"

Mo na ìdérí ìgò sí i. Ó dé ìgò kan, ó mú òmíràn.

"Sọ ọ́. Eku ò lè sọ ọ́ fúnra wọn."

Ọjọ́rú, 11 oṣù Kẹfà

Mo sọ ọ́. Mo ti kọ ọ́ sórí ìwé kí n lè kà á, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé iwájú Dókítà Esi, mo ká ìwé náà, mo sì sọ ọ́ láìkà á. Ó ṣeé ṣe kí ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ tó gùn jù tí mo ti sọ ní Kumasi.

Dókítà Esi gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Kò kan tábìlì.

"Nítorí náà, ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀ lo rí. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ń pín."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Méjìlá rẹ ṣì ṣófo."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó wo fèrèsé. "Mo ti sọ fún èèyàn mẹ́ta." Lẹ́yìn náà ó ní eku mẹ́jọ ṣì wà tí òun lè fún mi: mẹ́rin mẹ́rin. Wọ́n á délé eku lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ sinmi ọjọ́ mẹ́rin, kí n gún wọn ní alẹ́ ọjọ́ 20. Bí mo bá kà wọ́n tán kí ọjọ́ 27 tó pé, màá rí nǹkan sọ. Kí n sì kọ ìròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀, ojú ìwé kan, ní Gẹ̀ẹ́sì, kó lè wọ fáìlì.

Mo kọ ọ́ kí n tó kúrò ní láàbù. Gbólóhùn mẹ́fà. Mo rò pé ara mi máa fúyẹ́. Ó fúyẹ́ lóòótọ́.

Ọjọ́ Ajé, 16 oṣù Kẹfà

Àwọn eku tuntun dé. Mo fa ìlà sí ìrù wọn.

Mo dúró de ohùn láti ẹ̀yìn fèrèsé. Kò sí. Nígbà tí mo jáde, Bàbá Sàlmàn wà lórí bẹ́ǹṣì.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

"Good morning, madam."

Ìwé kan wà lórí itan rẹ̀. Kúẹ́rì ni, láti ọ́fíìsì àwọn òṣìṣẹ́. Wọ́n ní kó ṣàlàyé ìdí tó fi gún eku akẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ kan ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n pa láṣẹ fún un. Ó gbé e fún mi kí n kà á. Gbólóhùn tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe tiwọn. Tèmi ni, láti inú ìròyìn mi. Mo ti kọ ọ́ pé mo ní kó gún wọn ní Friday evening, ó sì gún wọn ní Thursday.

Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni kò rí báyẹn. N ò sọ Friday evening fún un rí láyé. Alẹ́ Jímọ̀ ni mo wí, ó sì gún wọn ní alẹ́ Jímọ̀.

"Nineteen years," ó ní, ní Gẹ̀ẹ́sì. "First query."

Ọjọ́rú, 18 oṣù Kẹfà

Lẹ́tà mẹ́rin ni mo ti kọ sí ọ́fíìsì àwọn òṣìṣẹ́ nítorí kúẹ́rì náà, tí mo sì ti ya. Bí mo bá túmọ̀ alẹ́ Jímọ̀ sí Friday, ó di ẹlẹ́bi. Bí mo bá túmọ̀ rẹ̀ sí Thursday, ó dà bíi pé ìyẹn ni mo fẹ́, irọ́ sì nìyẹn. Kojo ka ẹ̀kẹrin, ó fọwọ́ họ imú.

"Kí ló dé tó o fi ń túmọ̀ ẹ̀? Fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Kí wọ́n wá bi yín léèrè kí ló ń jẹ́."

"Wọ́n á bi mí níwájú gbogbo wọn?"

"Ẹnu ni wọ́n fi ń dáhùn, Yaa. Àbí Afua. Ìwọ àti bàbá yẹn ẹ ò tíì pinnu?"

Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo lọ jókòó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ títí ẹkún tó fẹ́ dé fi padà.

Ọjọ́bọ̀, 19 oṣù Kẹfà

Òjò fún wákàtí méjì. Gbogbo eku mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ jẹun, ìwọ̀n wọn dáa.

Lẹ́tà ti wà. Mo kọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ gan-an sínú rẹ̀ ní Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn, mo sì kọ pé ọ̀rọ̀ méjì yìí ní ìtumọ̀ kan lẹ́nu tèmi, ó ní òmíràn lẹ́nu ìdílé Ọ̀gbẹ́ni Sàlmàn, àti pé èmi tí mo yá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lò ló yẹ kí n ti bi í kí ló ń jẹ́. Mo kọ ọ̀rọ̀ ìgò inú fíríìjì náà sí i. Dókítà Esi kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Èyí máa bà ẹ́ jẹ́ díẹ̀ lójú wọn," ó ní. Mo ní mo mọ̀. Ó fọwọ́ sí i. Ó ní ẹni tó bá wù mí ló lè gún àwọn eku tuntun, kó ṣáà jẹ́ pé déètì wà lára ògiri, kí ẹni méjì sì fọwọ́ sí i.

Ọwọ́ mi kò tíì tó abẹ́rẹ́ gún. Mo fi omi gún ọsàn lánàá, mo sì tún fi gún un lónìí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta nínú mẹ́wàá ló jò. Bí abẹ́rẹ́ bá jò lára eku, méjìlá á tún ṣófo, kò sì sí eku míì.

Ní aago mẹ́jọ ọ̀la, màá mú lẹ́tà náà lọ sí ọ́fíìsì àwọn òṣìṣẹ́, n ò ní kúrò níbẹ̀ títí wọ́n á fi lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tèmi. Láti ibẹ̀ màá lọ sí ilé eku. Màá ka ẹ̀dà náà fún Bàbá Sàlmàn ní Yorùbá láti òkè dé ìsàlẹ̀, màá wá bẹ̀ ẹ́ kó bá mi di àwọn eku mú ní aago méje alẹ́, ogúnjọ́ oṣù, kó sì kọ́ mi bí a ṣe ń gún wọn. Bó bá fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn, màá tún un sọ.